Báwo ni mo ṣe lè wọn iye tí wákàtí kan tọ́ lójú èrò ọkọ̀ Ìkòròdú sí CMS?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìrìnnà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Iṣẹ́ ìwádìí máàsítà ni mò ń ṣe lórí ọrọ̀ ajé ìrìnnà ọkọ̀. Mo fẹ́ mọ iye náírà tí èrò tó ń ti Ìkòròdú lọ sí CMS láàárọ̀ máa gbà láti san kí wákàtí kan lè dín nínú ìrìnàjò rẹ̀. Iye yẹn ni mo fẹ́ fi ṣírò bóyá ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá BRT ń ṣe èrò láǹfààní tó owó tí wọ́n ná lé e lórí.

Ètò mi rèé: màá dúró sí ibùdókọ̀ BRT ní Ìkòròdú, màá bi 200 èèyàn pé, "Èló lẹ lè fi kún owó ọkọ̀ yín bí ọkọ̀ bá máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?" Màá wá ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n bá sọ, màá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di iye wákàtí kan nìyẹn. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wo ìwé ìbéèrè náà, ó ní kò lè dúró, kò sì ṣàlàyé púpọ̀. Níbo ló ti wọ́? Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣírò, mo gbọ́ SPSS díẹ̀, n kò tíì fọwọ́ kan R rí. Owó ọwọ́ mi tó láti gba èèyàn mẹ́rin tó máa bá mi bi ìbéèrè fún ọjọ́ mẹ́wàá.

ÀgbàLogit

Òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ. Ìbéèrè tààrà yẹn gan-an ló burú jù níbẹ̀. Bí ẹ bá bi ará Èkó pé èló ló lè fi kún owó ọkọ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé wọ́n ti fẹ́ fowó lé ọkọ̀. Yóò ní kọ́bọ̀ ò sí. Ẹlòmíràn á dárúkọ owó gọbọi nítorí ó mọ̀ pé òun ò ní san án. Bí ẹ bá wá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ìbínú pọ̀ mọ́ àwàdà lẹ wọ̀n, kì í ṣe àkókò.

Ẹ má bèèrè iye rárá. Ẹ gbé ìrìnàjò méjì síwájú ẹni náà, kó mú ọ̀kan. Bó ṣe ń mú èyí, tó ń fi tọ̀hún sílẹ̀, ni iye tí àkókò tọ́ lójú rẹ̀ á máa hàn. Káàdì kan lè rí báyìí:

Ọkọ̀ A, danfo: ìdúró 10 ìṣẹ́jú, ìrìn 110 ìṣẹ́jú, ẹ ríbi jókòó, ₦1,500.
Ọkọ̀ B, BRT: ìdúró 35 ìṣẹ́jú, ìrìn 70 ìṣẹ́jú, ẹ máa dúró lórí ẹsẹ̀, ₦1,200.

Àpẹẹrẹ ni owó yẹn o. Ohun tí wọ́n bá ń gbà lọ́sẹ̀ tí ẹ bá jáde ni kí ẹ fi ṣe é.

Ẹ kíyè sí i pé mo ya ìdúró sọ́tọ̀ kúrò lára ìrìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ti ń kọsẹ̀. Èrè BRT wà lórí títì, nítorí ọ̀nà tiẹ̀ ṣófo nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú àwọn tó kù. Àdánù rẹ̀ wà nínú ìlà. Bí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀, èrè àti àdánù á jẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan mú. Nínú ìwádìí tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé, ìṣẹ́jú kan tí èèyàn fi dúró de ọkọ̀ sábà máa ń wúwo tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí méjì tó lò nínú ọkọ̀ tó ń rìn.

Danfo tún ní tiẹ̀. Ní gáréèjì, èrò máa ń jókòó sínú ọkọ̀ títí yóò fi kún. Ṣé ìdúró nìyẹn àbí ìrìn? Ẹ kọ ọ́ sínú ìtọ́nisọ́nà àwọn tó ń bi ìbéèrè pé títí dìgbà tí táyà bá yí, ìdúró ni. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, méjì nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kọ ọ́ síbí, méjì á kọ ọ́ sọ́hùn-ún.

Ohun karùn-ún tó yẹ kó wà lórí káàdì ni àìdánilójú. Ẹ má ṣe kọ ìdá ọgọ́rùn-ún fún èrò, kò wúlò fún un. Ẹ kọ ọ́ pé, "Nínú ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ kan máa fi 40 ìṣẹ́jú pẹ́ ju báyìí lọ." Ẹni tó ní ọ̀gá tó ń kọ orúkọ apẹ́lẹ́yìn mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa yan nọ́ńbà: káàdì kọ̀ọ̀kan ní iye kan tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí B bá fi 20 ìṣẹ́jú yá ju A, tó sì fi ₦200 wọ́n jù ú, tí gbogbo ìyókù bá dọ́gba, ẹni tó mú B ń sọ pé wákàtí òun tó ₦600, ó kéré tán. Ẹni tó mú A ń sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn iye tó fara pamọ́ yìí tàn kálẹ̀: ₦300, ₦600, ₦1,000, ₦1,500, ₦2,500, ₦4,000. Bí gbogbo wọn bá wà nísàlẹ̀ ₦500, gbogbo ayé á mú ọkọ̀ tó yá, ẹ ò sì ní mọ ibi tí wọ́n ti máa yí ọkàn padà.

Owó orí káàdì, ẹ fi ohun tí ẹni náà san láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe ìpìlẹ̀: ẹ dín in ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ fi 25 kún un, ẹ fi 50 kún un. Kẹ́ ẹ sì mú un lọ sí ₦50 tó sún mọ́ ọn jù. Ta ló máa gbà gbọ́ pé kọ̀ńdọ́ ń gba ₦1,375? Wàhálà ṣéńjì nìkan tó.

Káàdì 24 tó, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹnì kan dáhùn 8 péré. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oòrùn á ti mú un, á kàn máa tọ́ka sí apá òsì. Ẹ fi káàdì kẹsàn-án ṣe àyẹ̀wò: kí ọkọ̀ kan yá jù, kó tún dínwó jù, kó ní ìjòkòó. Ẹni tó bá kọ ìyẹn sílẹ̀ kò kà á. Ẹ má fi káàdì yìí kún ìṣírò o.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára èèyàn 30 sí 40. Àbájáde wọn lẹ máa fi tún káàdì tò. idefix, tó wà nínú R lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń ṣe é. Ngene náà ń ṣe é, àmọ́ owó ni wọ́n ń rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìrìnnà

Ẹ ṣeun gan-an ni sà. Ṣé 200 èèyàn ṣì tó báyìí? Ṣé kí n sì dúró sí ibùdókọ̀ BRT nìkan?

ÌyáDátà

Rárá sí ìbéèrè kejì, àbúrò. Ẹni tó wà lórí ìlà BRT ti yan BRT kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ìlà kì í bá lára mu ti wà ní gáréèjì danfo, ẹni tí kò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì ti wà lẹ́bàá títì tó ń wá ọkọ̀ kékeré "sòólè". Pín àwọn tí o máa bi sí ọ̀nà mẹ́ta yìí.

Lẹ́yìn náà, fi ìwọ̀n tún un ṣe. Ká ní kíkà ojú títì fi hàn pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èrò wọ BRT, 60 wọ danfo àti kórópe, 10 wọ ọkọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí o bi, 50 jẹ́ ti BRT, 40 ti danfo, 10 ti ọkọ̀ kékeré. Ìwọ̀n èrò BRT á jẹ́ 30 pín sí 50, ìyẹn 0.6, ti danfo 1.5, ti ọkọ̀ kékeré 1. Àwọn olùwádìí méjì, Manski àti Lerman, ló fi èyí lélẹ̀ ní 1977. Nínú logit lásán, ìyẹn módẹ́ẹ̀lì tó ń ṣírò bí èèyàn ṣe ń yan ọkọ̀ kan ju òmíràn lọ, àṣìṣe yìí máa ń wà lára nọ́ńbà ìpìlẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan, ti owó àti ti àkókò kì í wọ́. Àmọ́ tí iye àkókò bá yàtọ̀ láti èèyàn sí èèyàn, bó sì ṣe rí gan-an nìyẹn, gbogbo rẹ̀ ló máa fara gbá a.

Kíkà náà kò le. Èèyàn méjì ní ojú kan, aago 6 sí 9 òwúrọ̀, kí wọ́n máa ṣí ojú ìwé tuntun ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ọ̀kan ka ọkọ̀ ní oríṣi-oríṣi, kí èkejì máa fojú díwọ̀n èrò inú wọn: ṣófo, ìlàjì, kún, kún-àkúnya. Danfo oníjòkòó 14 àti 18 kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti iye èèyàn: ìlànà kan wà tí ọ̀pọ̀ ń lò fún irú káàdì yìí. Ìsọdipúpọ̀ 500 àti iye ìpele tó pọ̀ jù lọ lórí káàdì, pín in sí iye káàdì lọ́nà iye ọkọ̀ orí káàdì. Tìẹ: 500 lọ́nà 4, pín sí 8 lọ́nà 2, ó jẹ́ 125. Èyí tó kéré jù ni o, fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. O ní ẹgbẹ́ mẹ́ta, ó di 375. Fi àwọn tó máa bàjẹ́ kún un, sọ pé 430. Ìbéèrè kan á gba bí ìṣẹ́jú 12. Ẹnì kan lè ṣe 11 láàárín òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́wàá jẹ́ 440. Owó rẹ gbé e.

Ohun tí yóò bà á jẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tí wọ́n bi. Tí o bá fi wọ́n sílẹ̀, ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n máa lọ bá, tàbí ẹgbẹ́ wọn. Kí wọ́n máa ka ìlà, ẹnì karùn-ún ni kí wọ́n bi, bó kọ̀, ẹnì karùn-ún mìíràn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀. Ẹni tó ń kánjú ló sábà máa ń kọ̀, òun gan-an sì ni ẹni tí àkókò wọ́n lójú rẹ̀! Gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bó bá gbà, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́. Pa nọ́ńbà náà rẹ́ lẹ́yìn tí o bá ti rí ìdáhùn gbà.

Lo KoboToolbox, ètò tí wọ́n fi ń gba ìdáhùn sílẹ̀, lórí fóònù Android, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà títí wọ́n á fi dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Máa wo àkókò tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbà lálaalẹ́. Èyí tí kò bá tó ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n jókòó sábẹ́ igi kọ ọ́ ni.

Ìbéèrè owó tó ń wọlé, fi sẹ́yìn pátápátá, kó jẹ́ ìpele, má bèèrè iye gan-an. Fún oníṣòwò, bèèrè èrè ọjọ́ kan, kí o sì ṣàlàyé pé owó tó kù lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó ọjà ni. Ẹni tó ta ọjà ₦80,000 lè sọ pé ₦80,000 ló ń wọlé fún òun. Bèèrè pẹ̀lú bóyá ẹlòmíràn ló ń san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà, nítorí owó ọ̀gá kì í wúwo bí owó ara ẹni.

Kí o tó jáde, gba ìwé àṣẹ ẹ̀ka yín lórí ìwádìí tó kan èèyàn, kí o sì mú lẹ́tà lọ bá àwọn tó ń bójú tó ibùdókọ̀ àti alága gáréèjì. Láìsí lẹ́tà, wọ́n á rò pé àwọn agbowó-orí lo rán wá.

TítìÈkó

Mo gba ohun tí àwọn tó ṣáájú sọ, àyàfi ibì kan. Káàdì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Lórí káàdì, gbogbo èèyàn ló lówó. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe lónìí náà: ọkọ̀ wo ni wọ́n wọ̀, èló, ìṣẹ́jú mélòó, kí ló tún wà tí wọ́n lè wọ̀ tí wọn ò wọ̀.

Bí Daniel McFadden, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ṣe ṣe é nìyẹn kí ọkọ̀ ojú irin BART tó bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní 1972. Ìrìnàjò tí èèyàn 771 ń lọ síbi iṣẹ́ lóòótọ́ ló fi kọ́ módẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa wọ BART lọ síbi iṣẹ́. Tiẹ̀ sọ pé 6.3. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀, 6.2 ló jẹ́. Ó gba Nobel ọrọ̀ ajé ní 2000.

Wàhálà tí ẹ máa bá pàdé ni pé èrò kì í mọ àkókò ọkọ̀ tí kò wọ̀. Oní-danfo á ní ìlà BRT máa ń tó wákàtí méjì. Oní-BRT á ní danfo kì í dé láyé. Oníkálukú ń gbè sẹ́yìn ohun tó yàn. Nítorí náà, ẹ má gba ẹnu wọn. Ẹ mú ọjọ́ méjì nínú mẹ́wàá, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa wọ ọkọ̀ pẹ̀lú aago lọ́wọ́: ìgbà tí wọ́n bọ́ sórí ìlà, ìgbà tí táyà yí, ìgbà tí wọ́n dé Mile 12, Kẹ́tú, Ọ̀jọ́ta, CMS. Dátà káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó BRT kò lè gbà yín nínú èyí, nítorí ìlà ti parí kí èèyàn tó fi káàdì kan ẹ̀rọ. Ọjọ́ méjì yẹn á mú ìbéèrè yín wá sí bíi 350. Ẹ fi ọjọ́ kún un tàbí kí ẹ dín ẹgbẹ́ kù sí méjì.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ẹ kúkú lo ẹ̀dínwó ìdajì owó tí ìjọba Èkó ṣe lórí ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2023, ẹ ṣọ́ra. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni wọ́n kéde òpin owó ìrànwọ́ epo. Epo tí kò tó ₦200 fò dé ₦488 ní Èkó, ó sì kọjá ₦550 nínú oṣù Keje. Owó danfo ń gòkè, ti BRT ń sọ̀kalẹ̀, àwọn mìíràn ò jáde nílé mọ́, gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lè tú u. Ti Stockholm ni wọ́n fi ń kọ́ni: wọ́n gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń wọ àárín ìlú láti oṣù Kìíní sí oṣù Keje 2006, ọkọ̀ dín ní bíi ìdá kan nínú márùn-ún, wọ́n dáwọ́ dúró, ọkọ̀ padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà ní 2007, ó tún dín. Títàn àti pípa yẹn ni kò sí nínú tiwa.

Ìròyìn owó ọkọ̀ tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ń gbé jáde náà, ìpíndọ́gba gbogbo ìpínlẹ̀ ni. Kò lè sọ ti Ìkòròdú sí CMS fún yín.

ÀgbàLogit

TítìÈkó sọ ọ́ dáadáa. Ẹ so méjèèjì pọ̀ nínú módẹ́ẹ̀lì kan, kí ìwọ̀n ariwo (ìdáhùn tó kàn ṣèèṣì) ti káàdì àti ti ìrìnàjò gidi yàtọ̀ síra. Apollo nínú R ń ṣe é, Biogeme nínú Python náà ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ẹ gbàgbé SPSS fún apá yìí.

Ìṣírò gan-an rọrùn. Ká ní módẹ́ẹ̀lì fún yín ní nọ́ńbà tó ń fi hàn bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe ń dín ìfẹ́ ọkọ̀ kù: −0.04 fún ìṣẹ́jú kan nínú ọkọ̀, −0.07 fún ìṣẹ́jú ìdúró, −0.003 fún náírà kan. Ẹ pín 0.04 sí 0.003, ó jẹ́ ₦13.33 ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ₦800 wákàtí kan. Ìdúró jẹ́ ₦1,400. Bí owó bá jáde láìní àmì ìyọkúrò, ẹ má tẹ̀síwájú: bóyá àwọn ọkọ̀ olówó ńlá náà ló ń jókòó dáadáa, tí ẹ ò sì fi ìjòkòó sínú módẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá fi 100 pín owó kí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ rántí dá a padà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa kọ ọ́ pé wákàtí ará Ìkòròdú tọ́ ₦8.

Ìdáhùn mẹ́jọ láti ẹnu ẹnì kan kì í ṣe èèyàn mẹ́jọ. Ẹ kó standard error (ìwọ̀n àìdánilójú nọ́ńbà) jọ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fi ọ̀nà ìṣírò tí wọ́n ń pè ní delta method wá ààlà iye náà lókè àti nísàlẹ̀.

Àwọn tó mú danfo lórí gbogbo káàdì, ẹ má pa wọ́n rẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí. Ẹni tí kò ní káàdì Cowry, tí kò sì lè san owó BRT lọ́nà mìíràn, kò ní BRT nínú ohun tó lè yàn, bó ti wù kó yá tó. Ẹ yọ BRT kúrò nínú tiẹ̀ ni.

Logit lásán tún ní àìsàn kan tí wọ́n máa ń fi bọ́ọ̀sì pupa àti bọ́ọ̀sì búlúù ṣàlàyé: bí ẹ bá kun ìdajì bọ́ọ̀sì ní ọ̀dà mìíràn, módẹ́ẹ̀lì á rò pé ọkọ̀ tuntun dé, á sì gba èrò lọ́wọ́ ọkọ̀ kékeré. Ará Èkó tó rí BRT búlúù àti bọ́ọ̀sì LAGBUS pupa lórí títì kan náà nígbà kan kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kó danfo àti kórópe sínú ìtẹ́ kan pẹ̀lú nested logit, oríṣi logit tó ń kó àwọn ọkọ̀ tó jọra pọ̀.

Lórí èrè ọ̀nà náà: ká ní èrò 10,000 tó ń wọ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ jèrè ìdajì wákàtí lójúmọ́. Ní ₦800, ₦4,000,000 nìyẹn. Èrò 2,000 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá, ìdajì ni kí ẹ kà fún wọn, ₦400,000, torí ẹni tó kó wá gbẹ̀yìn kò jèrè ju bíńtín lọ. Owó ọkọ̀ tí wọ́n san kì í ṣe èrè ìlú, láti àpò kan sí òmíràn ló lọ. Kí ẹ sì yọ àkókò tí àwọn tó kù pàdánù nítorí pé wọ́n gba ọ̀nà kan lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń gbójú fo ìyẹn.

Ẹ lo iye kan náà fún gbogbo èrò nínú ìṣírò yìí. Bí ẹ bá lo ti olówó fún olówó, wákàtí kan nínú jíìpù á borí ti èèyàn mẹ́ta nínú danfo, àbájáde á sì máa sọ pé kí wọ́n la títì fún jíìpù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye kan náà ni ìjọba ń lò fún gbogbo ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ yòówù kó wọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìrìnnà

Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Màá fi ẹgbẹ́ ọkọ̀ kékeré sílẹ̀, kó ku BRT àti danfo. Ọ̀sẹ̀ wo ló dára kí n jáde?

ÌyáDátà

Má ṣe é ní Dìsẹ́ńbà, ọ̀sẹ̀ iléyá, tàbí ọ̀sẹ̀ tí iléèwé ń wọlé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, títí ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé. Ọjọ́ méjì nínú wọn ni ti wíwọ ọkọ̀. Kọ iye epo ní ojú ilé epo kan náà sórí ìwé lójoojúmọ́, kí o sì kọ bóyá òjò rọ̀: owó danfo ọjọ́ òjò kì í ṣe ti ọjọ́ oòrùn, bí o ò bá sì kọ ọ́, yóò dà bíi pé èrò ń sanwó púpọ̀ láti jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.